Ẹlẹ́wọ̀n Tí Ikú Rẹ̀ Ì Bá Sọ Olùgbàlà Rẹ̀ Dọba

Páìpù ńlá kan wà lára ògiri ilé olódi Zenda. Ojú fèrèsé yàrá kan nísàlẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dagun wálẹ̀, ó sì parí sínú yàrà olómi tó yí odi náà ká. Ó fẹ̀ débi tí odindi ènìyàn lè gbà á kọjá. Àkàsọ̀ Jékọ́bù ni àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sọ ọ́. Nínú Bíbélì, áńgẹ́lì Ọlọ́run ló ń gun àkàsọ̀ yẹn lọ sókè, tó ń gbà á sọ̀ kalẹ̀. Ní Zenda, òkú ọba ni wọ́n ṣètò pé kó gba ibẹ̀ bọ́ sómi.

Ọba náà, Rudolf Karùn-ún ti ilẹ̀ Ruritania, wà nínú yàrá yẹn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta ń ṣọ́ yàrá tó ṣáájú tirẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àṣẹ tí wọ́n gbà ò ṣòro lóye: bí wọ́n bá kógun wọlé, kí ẹni méjì dá àwọn tó ń bọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnì kẹta wọ inú lọ, kó pa ọba, kó so nǹkan wúwo mọ́ òkú rẹ̀, kó tì í sínú páìpù. Kí ilẹ̀kùn tó já, ọba ti wà nísàlẹ̀ omi. Kò sí òkú, kò sí ẹ̀rí, àwọn apànìyàn náà á sì gba ọ̀nà kan náà sá lọ. Kò sí iye ọmọ ogun tó lè yọ ọ́. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ikú rẹ̀ á ṣe yá tó.

Ìdẹkùn yìí nìkan ti tó láti mú kí ìwé The Prisoner of Zenda, tí Anthony Hope gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1894, pẹ́ lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé. Ṣùgbọ́n ìdẹkùn kejì wà nínú rẹ̀, òun ló sì mú mi jókòó kọ àpilẹ̀kọ yìí. Rudolf Rassendyll tí iṣẹ́ ìgbàlà bọ́ sí lọ́wọ́, òun náà ló jókòó sórí ìtẹ́ ọba tó wà lẹ́wọ̀n. Adé rẹ̀ ló ń dé. Orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Flavia, obìnrin tí gbogbo ìlú ń retí pé kí ọba fẹ́, òun ni Rassendyll nífẹ̀ẹ́, obìnrin náà sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọba bá kú sínú yàrá yẹn, adé di ti Rassendyll, ìyàwó di tirẹ̀, ìlú ò sì ní mọ̀ láéláé. Kò ní kó pa ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ni.

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn akọni, ẹni tó gbani là ló ń jèrè ìgbàlà. Ó yọ ọmọbìnrin lẹ́nu ẹranko abàmì, wọ́n fi ọmọbìnrin náà fún un ṣaya. Ó ṣẹ́gun ọ̀tá ọba, wọ́n dá ìlú sí méjì, wọ́n fún un ní ìdajì. Ti Rassendyll ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìṣísẹ̀ tó ń gbé sún mọ́ yàrá ọba ló fi ń jìnnà sí Flavia. Bó bá ṣe ń ṣe akin sí i ni àdánù rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Agbẹjọ́rò ni ẹni tó ro irú èyí. Anthony Hope Hawkins ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìlú London ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 9 oṣù Kejì 1863, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní Balliol College, Oxford, ó di agbẹjọ́rò ní 1887, ó sì gbìyànjú àtilọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Liberal ní 1892, àmọ́ kò wọlé. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kọkànlá 1893, ó jàre nínú ẹjọ́ kan ní kóòtù Westminster. Bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti kóòtù ni ìtàn náà wá sọ́kàn rẹ̀, kò sì ju nǹkan bí oṣù kan lọ tó fi kọ ọ́ tán. Ilé ìtẹ̀wé Arrowsmith ní Bristol ló tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà tà débi pé Hope fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò sílẹ̀ pátápátá, ó gba ìwé kíkọ ṣiṣẹ́.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Rassendyll nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé ọlá ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tó ń wọlé fún un súnmọ́ £2,000 lọ́dún, kò sì níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbádùn, tó ń bi í pé ìgbà wo ló máa tó fi ara rẹ̀ ṣe nǹkan gidi. Irun rẹ̀ pupa, imú rẹ̀ gùn, ó sì mú. Ojú lásán kọ́ ni ìdílé wọn fi ń wo irun àti imú yìí, torí ìtìjú àtijọ́ kan ló mú un wọlé. Ní 1733, ọmọọba Ruritania kan wá ṣe àlejò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti ìyàwó baba ńlá wọn sì wọ ara wọn lójú. Ọkọ obìnrin náà pè é síta pẹ̀lú idà ní òwúrọ̀ ọjọ́ olójò kan, òtútù ọjọ́ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì kú. Láti ìgbà náà, ọmọ kan á ṣàdédé yọ nínú ìdílé náà tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú àwọn Elphberg, ìdílé ọba Ruritania.

Nígbà tí Rassendyll gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi Rudolf Karùn-ún jọba ní Strelsau, olú ìlú Ruritania, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ wòran. Èrò ti kún Strelsau, ló bá sọ̀ sí Zenda. Ìyá arúgbó tó ni ilé àlejò tó dé sí sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpo pé ká ní Michael, ọmọ bàbá ọba, ló máa jọba ni, inú òun ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọdẹ àti ọtí nìkan ni ọba tuntun mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Rassendyll rìn wọ inú igbó, oorun gbé e lọ nídìí igi. Ohùn àwọn ọkùnrin méjì tó ń wo ojú rẹ̀ tìyanu-tìyanu ló jí i: Kọ́nẹ́ẹ̀lì Sapt, àgbà jagunjagun tó ti sìn nílé ọba tipẹ́, àti Fritz von Tarlenheim, ọ̀dọ́kùnrin ilé ọlá. Ọba fúnra rẹ̀ dé bá wọn níbẹ̀. Irùngbọ̀n Rassendyll nìkan ni wọ́n fi lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ọba rẹ́rìn-ín títí, ó sì mú ìbátan rẹ̀ tuntun lọ sí ilé tó máa ń sùn sí bó bá wá ṣọdẹ, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ìgò wáìnì tó gbẹ̀yìn ọ̀wọ́ náà, Michael ló fi ránṣẹ́. Ọba nìkan ló mu ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kò jí.

Ọjọ́ ìwúyè ni ọjọ́ náà. Sapt mọ̀ pé bí ọba ò bá yọjú ní Strelsau, Michael ni yóò gorí ìtẹ́. Ó wo Rassendyll, ó wo ọba tó sùn sílẹ̀, ó sì pinnu. Wọ́n fá irùngbọ̀n àlejò náà, wọ́n wọ aṣọ ọba fún un, wọ́n gbé ọba pa mọ́ sínú yàrá ọtí lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi Josef ìránṣẹ́ ṣọ́ ọ. Ní kàtídírà Strelsau, wọ́n gbé adé Ruritania lé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lórí lójú gbogbo ayé. Michael náà wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọba ni. Lóru, Sapt àti Rassendyll gun ẹṣin padà sínú igbó láti lọ gbé ọba wá. Òkú Josef ni wọ́n bá. Wọ́n ti dúńbú rẹ̀, ọba ò sì sí níbẹ̀ mọ́: àwọn ènìyàn Michael ti gbé e lọ sí ilé olódi Zenda.

Ibí yìí ni ọpọlọ agbẹjọ́rò ti fara hàn. Michael mọ̀ pé ayédèrú ló wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ké gbàjarè, wọ́n á bi í pé níbo lojúlówó wà. Rassendyll mọ ibi tí ojúlówó wà, ṣùgbọ́n bó bá fẹ̀sùn kan Michael, wọ́n á ní ìwọ wá ńkọ́, ta ni ọ́? Olè méjì ló dúró níwájú adájọ́ yìí, kò sì sí èyí tó lè la ẹnu nínú wọn. Michael ò sì lè pa ọba, torí pé bí ọba bá kú báyìí, ayédèrú ni yóò máa jọba lọ, òun náà ni yóò fẹ́ Flavia. Rassendyll ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú. Nítorí náà, èémí Rassendyll ló ń dáàbò bo ọba: níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó wà lórí ìtẹ́ bá ń mí, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n náà á máa mí.

Flavia tí mo ń dárúkọ yìí, ìbátan ọba ni, òun ló kàn láti gorí ìtẹ́ lẹ́yìn ọba, ìlú sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ọba lọ. Sapt ló ní kí Rassendyll máa lọ kí i, kó máa ṣe bí àfẹ́sọ́nà, kí ọkàn àwọn ará ìlú lè balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjọba ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò sì pẹ́ tó fi kúrò ní ọ̀rọ̀ ìjọba. Ohun kan tí Hope fi síbẹ̀, tó dùn mí, ni pé Flavia jẹ́wọ́ fún Rassendyll pé lẹ́yìn ìwúyè ni ìfẹ́ òun sí i tó bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé adé ló sọ ọba di ènìyàn gidi. Rassendyll gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn dé egungun, torí pé òun gan-an lọmọbìnrin náà nífẹ̀ẹ́, kì í ṣe ọba. Ó la ẹnu láti sọ òótọ́ fún un pé òun kọ́ ni ọba. Ẹsẹ̀ Sapt dún, gbólóhùn náà sì já sọ́nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo kà sí ọkàn ìwé náà, kò sì sí idà níbẹ̀. Rassendyll jẹ́wọ́ fún Sapt. Ó sọ fún àgbà jagunjagun náà pé kí wọ́n tètè lọ sí Zenda, torí pé bí wọ́n bá fi òun sílẹ̀ nídìí ìtẹ́ àti nídìí obìnrin yìí fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ sí i, òun ò ní lè dá ara òun dúró mọ́, ọba wọn á sì gbé. Kò ṣe bí ẹni mímọ́. Ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó sáré gbé òun kúrò nítòsí ìdánwò kó tó borí òun. Ọ̀pọ̀ akọni inú ìwé ìgbà yẹn ni kì í mọ̀ pé ìfẹ́ lè sọ òun di ọ̀dàlẹ̀. Rassendyll mọ̀, òótọ́ yẹn ló sì jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ní gbogbo ibi yòókù tó ti ń fò bí ẹkùn.

Ìdánwò náà tún padà wá bá a, lọ́tẹ̀ yìí ó ní orúkọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn Mẹ́fà kan wà lẹ́yìn Michael, tí iṣẹ́ ibi gbogbo wà lọ́wọ́ wọn: ọmọ Ruritania mẹ́ta, àjèjì mẹ́ta, ìyẹn De Gautet ará Faransé, Bersonin ará Bẹ́ljíọ̀mù, àti Detchard ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Àbíkẹ́yìn wọn ni Rupert ti Hentzau, ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò tíì pé mẹ́rìnlélógún, arẹwà, onígboyà, tí kò ní ẹ̀rí ọkàn kankan. Rupert gun ẹṣin wá bá Rassendyll, ó sì fi ọjà tirẹ̀ lọ̀ ọ́: kó kógun ti ilé olódi náà ní gbangba, kó jẹ́ kí Sapt àti Fritz ṣáájú. Wọ́n á kú sẹ́nu ọ̀nà. Michael náà á kú. Ọba á gba inú páìpù lọ. Ẹni méjì ló máa ṣẹ́ kù: Rassendyll pẹ̀lú adé àti ìyàwó, Rupert pẹ̀lú èrè tirẹ̀. Kò sí ohun kan nínú ètò náà tí kò lè ṣeé ṣe. Rassendyll lé e lọ, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà ò kan òun lára. Rupert ò sọ ohun tuntun kankan fún un. Ohun tí Rassendyll ti ń gbọ́ nínú ara rẹ̀ ló gbé síta.

Ìṣòótọ́ bẹ́ẹ̀ ò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wẹ omi yàrà náà lóru kan láti lọ yẹ páìpù wò, ó sì bá olùṣọ́ kan, Max Holf, tó sùn lọ nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré nídìí rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá jí, ọba kú. Rassendyll gún un lójú oorun. Ó sọ lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo ohun tí òun ṣe ní Ruritania, èyí ni òun kì í fẹ́ rántí. Mo yẹ́ Hope sí pé kò gé e kúrò. Ìwé akọni tó bá fẹ́ kí ọmọdé máa yìn ín nìkan ì bá ti jẹ́ kí olùṣọ́ náà jí, kó fa idà yọ, kí wọ́n jà, kó kú ikú ọkùnrin. Max ò jí.

Ètò alẹ́ ìgbàlà fúnra rẹ̀ dára lórí ìwé. Antoinette de Mauban, obìnrin tó fẹ́ràn Michael àmọ́ tí kò fẹ́ kó di apànìyàn, á ké lóru pé Rupert wọ yàrá òun. Michael á sáré jáde. Johann, ìránṣẹ́ Michael tí wọ́n ti fowó rà, á ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún Sapt àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láago méjì. Rassendyll nìkan ni yóò wẹ yàrà olómi, kó lúgọ létí afárá, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ọ̀dọ̀ ọba kí ìrànlọ́wọ́ tó dé.

Igbe Antoinette dún, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ tí wọ́n jọ sọ. Rupert ti wọ yàrá rẹ̀ lóòótọ́. Michael já wọlé, wọ́n fa idà, Rupert pa á. Ilẹ̀kùn iwájú ò ṣí lásìkò, Sapt àti àwọn tirẹ̀ wà lóde tí wọ́n ń fọ́ ọ. Rassendyll nìkan ló wà nínú. Ó pa De Gautet, ó gba kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Ó pa Bersonin lẹ́nu yàrá àkọ́kọ́. Detchard sì ti sáré wọ inú láti lọ pa ọba. Níbí ni ènìyàn kan tí òǹkàwé ti gbàgbé ti dìde. Dókítà tí wọ́n mú wá máa tọ́jú ọba, ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà látọjọ́ yìí, fò mọ́ Detchard, ó sì di apá rẹ̀ mú lọ́wọ́ òfo. Detchard pa á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ikú rẹ̀ gbà ni Rassendyll fi dé. Wọ́n jà, Detchard mọ idà jù ú lọ, ọba tí ibà ti mú débi pé ó ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè sì gbé àga kan tó fi ń dí Detchard lẹ́sẹ̀. Detchard yọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ dókítà, ó ṣubú, Rassendyll sì pa á. Mo máa ń sọ fún àwọn tí mo bá fún ní ìwé yìí kà pé kí wọ́n má ṣe fojú fo dókítà náà. Hope ò fún un ní orúkọ. Òun ló gba ọba là kí Rassendyll tó gbà á là.

Rupert ní tirẹ̀ dúró lórí afárá, ó ń rẹ́rìn-ín. Antoinette fi ìbọn ìléwọ́ yìn ín, kò bà á, ó bẹ́ sómi, ó sá wọ igbó, ó sì bọ́. Hope mọ̀ pé òun ò tíì parí pẹ̀lú ọmọ yìí.

Ẹni tó bá rò pé ibẹ̀ ni ìtàn parí ò tíì pàdé Flavia dáadáa. Ọmọbìnrin oko kan ló ṣèèṣì sọ fún un pé òun rí ọba nínú igbó, nígbà tí wọ́n ti sọ fún un pé ọba wà nínú ilé olódi. Ló bá mọ òótọ́. Nígbà tí òun àti Rassendyll pàdé, Rassendyll bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun lọ. Ó lè lọ. Kò sí ẹni tó so ó mọ́lẹ̀. Flavia sì kọ̀. Ó ní bí ìfẹ́ bá jẹ́ gbogbo nǹkan, òun ì bá tẹ̀ lé e dé òpin ayé; ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà lọ́rùn òun. Ó dúró, ó sì fẹ́ ọba tí kò nífẹ̀ẹ́. Àwọn kan máa ń ka èyí sí ẹ̀tàn òǹkọ̀wé ọkùnrin, pé ó fi obìnrin rúbọ kí ìtàn rẹ̀ lè parí dáadáa. N kò gbà. Rassendyll ṣe akin pẹ̀lú idà lọ́wọ́ àti ìjà lójú, nígbà tí ara ń gbóná. Flavia ṣe tirẹ̀ ní yàrá tó dákẹ́, láìsí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ títí ayé òun lòun á máa tún un ṣe. Ẹ̀bi tí mo dá Hope ni pé ó fún un ní ojú ìwé díẹ̀ jù.

Ta ni gbogbo wọn ń ṣe èyí fún? Ọba tó mu ọtí títí tó fi sùn lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú ìwúyè rẹ̀. Sapt àti Fritz pàápàá kò fi pamọ́ pé Rassendyll yẹ orí ìtẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ. Adé ni Sapt ń sìn, kì í ṣe orí tó wà lábẹ́ rẹ̀; ó sì lè purọ́ fún odindi orílẹ̀-èdè nítorí rẹ̀ láìmira. Michael náà kì í ṣe òmùgọ̀ lásán. Ìyàwó kejì tí ọba àná fẹ́, tí ipò ìdílé rẹ̀ kò tó ti ayaba, ló bí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ẹ̀tọ́ sí adé. Àwọn tálákà tó ń gbé ní apá àtijọ́ Strelsau, òun ni wọ́n ń fẹ́. Lọ́jọ́ ìwúyè, Rassendyll ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi àyè sílẹ̀, òun nìkan ló gun ẹṣin gba àdúgbò yẹn kọjá, kí àwọn ènìyàn ibẹ̀ lè rí i pé ọba ò bẹ̀rù wọn. Ibẹ̀ dùn ún kà. Síbẹ̀ Hope kò yà sí ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí lára Michael. Àlàfo ńlá nìyẹn nínú ìwé náà.

Àwa tí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá yé kò sì lè ka ọjọ́ orí ìwé yìí ká má rántí ohun mìíràn. Ní 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú lógun Ìmágbọ̀n. Ní 1893, ọdún tí Hope ń kọ̀wé, Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn. Ní 1895, Captain Bower yìnbọn ńlá lu Ọ̀yọ́. Hope ò kọ nípa wa. Ilẹ̀ Yúróòpù ni Ruritania rẹ̀ wà, nítòsí àwọn ará Jámánì. Ṣùgbọ́n èrò pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò ṣe iṣẹ́ kan rí láyé rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, kó jókòó sórí ìtẹ́ onítẹ̀ẹ́, kó sì ṣe é dáadáa ju onílẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́ta, èrò yẹn ń mú ìbọn rìn káàkiri ayé nígbà náà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìwé náà síbẹ̀ ni pé kò jẹ́ kó dúró. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà dá adé padà fún ẹni tó ni ín, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí wọ́n fún un níṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó sì gbọ́ pé Strelsau ni wọ́n ń lọ, ó kọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń lọ pàdé Fritz ní Dresden, kó lè gba òdòdó róòsì pupa kan tí Flavia fi rán an.

Ọdún kan péré lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, wọ́n ti ń ṣe é ní eré orí ìtàgé ní New York, kò sì pẹ́ tó fi dé London. Wọ́n ti fi ṣe fíìmù látìgbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn. Èyí tí mo kà sí ọ̀gá nínú wọn ni ti 1937, tí David O. Selznick ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí John Cromwell darí, tí Ronald Colman ṣe ọba àti ayédèrú rẹ̀, tí Madeleine Carroll ṣe Flavia, tí Douglas Fairbanks kékeré sì ṣe Rupert. Ronú sí àsìkò tó jáde. Lóṣù Kejìlá ọdún 1936 ni Edward Kẹjọ fi ìtẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nítorí Wallis Simpson. Àwọn tó lọ wo fíìmù náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọba gidi tó yan ìfẹ́ ni, wọ́n wá jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ń wo Flavia tó yan ìtẹ́. Ní 1952, wọ́n tún un ṣe lálàwọ̀, Stewart Granger àti Deborah Kerr ló wà níbẹ̀. Ní Íńdíà, Sharadindu Bandyopadhyay gbé ìtàn náà wọ ilẹ̀ Íńdíà ní èdè Bẹ̀ǹgálì, Tapan Sinha sì fi ṣe fíìmù Jhinder Bandi ní 1961, pẹ̀lú Uttam Kumar. Níbi gbogbo tó dé ni ìdánwò náà ti yé àwọn ènìyàn.

Ìwé kejì wà, Rupert of Hentzau, 1898. Fritz ló ń sọ ọ́, ó sì ṣókùnkùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Flavia kọ lẹ́tà kan sí Rassendyll, lẹ́tà náà bọ́ sọ́wọ́ Rupert, Rupert pa ọba, Rassendyll pa Rupert. Ìtẹ́ ṣófo. Ohun tí Rassendyll kọ̀ láti jí ló wà níwájú rẹ̀ báyìí láìsí ẹni tó ni ín. Kó tó sọ ìpinnu rẹ̀ síta, wọ́n yìnbọn pa á. Flavia nìkan ló jọba Ruritania lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó lọ ilé ẹ̀kọ́ girama láyé àtijọ́ mọ Zenda láti inú ẹ̀dà kékeré tí wọ́n fi èdè tó rọrùn kọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá ìjà àti yàrà olómi sí, ó sì máa ń gé ohun tí Rassendyll jẹ́wọ́ fún Sapt nípa Flavia kúrú. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí tó fẹ́ fi ìwé yìí lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ fún un ní odindi rẹ̀. Hope kú lọ́jọ́ 8 oṣù Keje 1933, ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ìwé rẹ̀ ti parí tipẹ́, ọ̀fẹ́ ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò gùn. Bí ọmọ náà bá kà á tán, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: ká ní ìwọ ni Rassendyll, ṣé wàá tètè dé?